Gbohùngbohùn Ni Wọ́n Fi Pè É Lólè

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ kan kiri. Mo gbé e lọ sí ọjà Sábó, mo gbé e wọ ọkọ̀ láti Benson dé Kẹtu, mo gbé e sùn, mo sì tún bá a níbi ìrọ̀rí nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò ju gbólóhùn méjì lọ. Ẹnu ọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ló ti jáde, níbi ìkómọ kan ní àdúgbò wa ní Ìkòròdú, bóyá ènìyàn mẹ́rin péré ló sì gbọ́ ọ. Mo wà lára àwọn mẹ́rin náà, n kò sì tíì rí ibi gbé e kalẹ̀ sí láti ọjọ́ yẹn.

Ìbéèrè tó wà nídìí rẹ̀ nìyí: bí ẹni tí gbogbo ayé mọ̀, tí ayé sì ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, bá ti ẹ̀sùn kan lẹ́yìn ní gbangba, tí ẹ̀sùn náà wá já sí irọ́, ṣé ó jẹ ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ní gbèsè àforíjì? Bí ó bá jẹ ẹ́, irú àforíjì wo ni? Lójú tèmi, ó jẹ ẹ́, n kò sì rò pé ó yẹ kí ìyẹn pẹ́ lórí ìjiyàn. Ìbéèrè kejì ni kò jẹ́ kí n sùn.

Léèsì tí wọ́n ti gé

Àwọn tó ń gbé lọ́dọ̀ wa mọ ìtàn tiránsífọ́mà náà, n kò sì ní rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. A dá owó jọ láti fi ra tiránsífọ́mà iná, owó kò pé nígbà tí a kà á, télọ̀ tó wà ní igun òpópónà wa sì ni akápò ẹgbẹ́ onílé. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, "owó ò pé" ti di "wọ́n jí owó," "wọ́n jí owó" sì ti di "télọ̀ ti fi owó iná kan òrùlé." Òótọ́ ni pé ó kan òrùlé lọ́dún náà. Kò sí ẹni tó bi í léèrè ibi tó ti rí owó páànù.

Ẹgbẹ́ pe ìpàdé gbogbogbòò ní Sátidé ìkẹyìn oṣù, lẹ́yìn ìmọ́tótó àyíká. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan ń gbé lápá òkè àdúgbò wa, ohùn rẹ̀ kò sì ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá ń gbọ́ rédíò Yorùbá ní Èkó. N kò ní dárúkọ rẹ̀ níbí, nítorí ẹjọ́ tí mo ń rò ju tirẹ̀ nìkan lọ. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kí ó wá bá wa dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ó dé, ó gba gbohùngbohùn, ó sì fi òwe bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe máa ń fi òwe bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó ń jẹ owó aráàlú, ó ní olè kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Àbújá bẹ̀rẹ̀, pé àdúgbò ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí ibi tí télọ̀ wà, ó ní, "Olè tiwa rèé, ó tiẹ̀ rí àga jókòó lé." Àwọn ènìyàn hó yèè. Ẹnìkan ti ń fi fóònù ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, nígbà tí ó fi máa di alẹ́, fídíò náà ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí télọ̀ ní Ẹ̀pẹ́.

Èmi náà wà níbẹ̀. Mo pàtẹ́wọ́.

Ní ọjọ́ kejì ìpàdé náà, mo lọ gba aṣọ mi. Léèsì aláwọ̀ búlúù ni, tí mo fẹ́ wọ lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti gé e. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì kí n rí i: apá méjèèjì, iwájú, ẹ̀yìn, ìlà ṣọ́ọ̀kì funfun ṣì hàn lára rẹ̀, píìnì kéékèèké sì wà létí ọrùn rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ó ku kí n rán an ni o." Mo ní kó sáà bá mi dì í bẹ́ẹ̀. Ó yọ àwọn píìnì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn sínú agolo, ó ká aṣọ náà ní ẹyọ-ẹyọ, ó fi sínú ọ̀rá dúdú, ó sì ka owó tí mo ti san sílẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Kò béèrè ìdí. Obìnrin méjì mìíràn ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wá gba tiwọn.

Bí wọ́n ṣe ń sọ ènìyàn di olè ní àdúgbò nìyẹn. Ọlọ́pàá kò mú un, ilé ẹjọ́ kò dá a lẹ́bi, ṣùgbọ́n kí oṣù mẹ́ta tó pé, ó ti ta maṣíìnì ńlá tó fi ń ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ méjèèjì ti lọ, ìyàwó rẹ̀ sì ti yí ibi tó ń jókòó sí nínú ìjọ padà sí ẹ̀yìn pátápátá.

Rìsíìtì

Ọdún mẹ́rin kọjá kí òótọ́ tó dé. Alága àná ló ti fi apá kan nínú owó náà san àsansílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ ta tiránsífọ́mà fún wa, kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó mú un tí kò fi lè sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń tún yàrá rẹ̀ ṣe, ó rí rìsíìtì nínú báàgì aláwọ kan, pẹ̀lú ọjọ́, iye owó àti ìfọwọ́sí. Iye tó wà lórí rẹ̀ bá iye tí a ń wá mu, kọ́bọ̀ kan kò yẹ̀.

Akọ̀wé ka rìsíìtì náà sétígbọ̀ọ́ wa ní ìpàdé. Bóyá a tó ogún níbẹ̀. Ẹnìkan ní, "Ọlọ́run ti bá a wẹ orúkọ ẹ̀ mọ́." A pàtẹ́wọ́ díẹ̀, a sì kọjá sórí ọ̀rọ̀ gọ́tà. Kò sí ẹni tó fi fóònù ká ìyẹn sílẹ̀.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Mo ti gbọ́ òwe yìí láti kékeré, ó sì ti tù mí nínú rí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà ni pé òótọ́ lè bá irọ́ lóòótọ́, kó bá a níbi tí ogún ènìyàn péré wà, nígbà tí irọ́ ti jẹun tán nílé ẹgbẹ̀rún ènìyàn.

Àpòòwé funfun

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn ni wọ́n ń kómọ jáde nílé kejì sí tiwa. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà ni alága ayẹyẹ. Télọ̀ wá nítorí pé bàbá ọmọ jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ó sì jókòó sábẹ́ kánópì kejì, lọ́dọ̀ọ̀ wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n kó páálí omi sí. Jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn ilé.

Mo rí i nígbà tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ dìde lórí àga àwọn ènìyàn ńlá tí ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ó ti gbọ́ nípa rìsíìtì náà, gbogbo wa mọ̀ pé ó ti gbọ́. Ó tẹ̀ síwájú, ó gbé ọwọ́ lé télọ̀ léjìká, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dé etí rẹ̀, ó sì yọ àpòòwé funfun kan látinú àpò agbádá. Ó ní, "Àbúrò, jẹ́ ká gbàgbé ọ̀rọ̀ àná. Bí wọ́n ṣe sọ fún mi ni mo ṣe sọ."

Télọ̀ dìde. Kò jókòó gbọ́ ọ, nítorí ọmọ tí a kọ́ ni. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba àpòòwé náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ débi pé bí jẹnẹrétọ̀ bá ròkè sí i ni, n kò bá má gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, máìkì lẹ fi pè mí lólè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bẹ̀ mí ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́."

Máìkì wà nílẹ̀. Ó wà lórí tábìlì tí alága ṣẹ̀ṣẹ̀ ti dìde, iná pupa rẹ̀ ń tàn, ìrìn ẹsẹ̀ mẹ́wàá sí ibi tí àwọn méjèèjì dúró sí. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wò ó. Mo rí i tí ó wò ó. Ó dá àpòòwé padà sí àpò agbádá, ó padà sórí àga rẹ̀, nígbà tí ó sì gbé máìkì náà, owó ẹ̀bùn ọmọ tuntun ló fi kéde.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà bá mi délé.

Ohun tí olókìkí fi kún ẹ̀sùn

Mo ti gbìyànjú láti bá sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ro ẹjọ́ tirẹ̀ nínú ọkàn mi, nítorí n kò fẹ́ jẹ́ agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá tí Yorùbá ń pè ní àgbà òṣìkà. Kò jí owó. Kọ́ ló kọ́kọ́ sọ pé télọ̀ jí i. Àwa la lọ pè é. Ó ṣeé ṣe kí ó gbà tọkàntọkàn pé òun ń jà fún wa ni. Gbogbo èyí jẹ́ òótọ́.

Ṣùgbọ́n kí ó tó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìpàdé náà, àgbàlagbà méjì ti dìde, wọ́n ní kí a mú ìwé báńkì wá kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò, kí a sì rán ẹni lọ bá alága àná níbi tó wà lórí àìsàn. Mo rántí wọn dáadáa, nítorí ọ̀kan nínú wọn ń fi ọ̀pá rẹ̀ gbá ilẹ̀ bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ sọ tirẹ̀ tán, àwọn méjèèjì jókòó, kò sì sí ẹni tó tún dárúkọ ìwé báńkì mọ́. Kò mú ẹ̀rí kankan wá. Orúkọ rẹ̀ ló mú wá, orúkọ náà sì ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀rí ì bá ṣe.

Ìdí nìyí tí "bí wọ́n ṣe sọ fún mi ni mo ṣe sọ" kò fi lè gbà á sílẹ̀. Bí ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ bá sọ pé wọ́n ní télọ̀ jí owó, "wọ́n ní" náà ló ṣì jẹ́, ẹni tó gbọ́ ọ lè mì orí kó kọjá. Bí ẹni tí ohùn rẹ̀ ń jí wa láràárọ̀ bá sọ ọ́, "wọ́n ní" ti kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tó fi orúkọ ara rẹ̀ ṣe onídùúró fún ọ̀rọ̀ kò lè sọ lọ́jọ́ ìsanwó pé òun kàn ń kọjá lọ ni. A mọ bí onídùúró ṣe ń rí lọ́dọ̀ wa: bí ẹni tó yá owó bá sá, ilẹ̀kùn onídùúró ni wọ́n ń kàn.

Ìkòròdú sì jẹ́ ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ pọ̀ sí, yálà ẹ wo ọ̀sán Jímọ́ọ̀ tàbí òwúrọ̀ Sunday. Nínú Àlùkùránì, Súrà 49, ẹsẹ 6, a pàṣẹ fún àwọn onígbàgbọ́ pé bí ẹni burúkú bá mú ìròyìn wá, kí wọ́n ṣe ìwádìí, kí wọ́n má baà ṣe àwọn ènìyàn ní ibi láìmọ̀, kí wọ́n wá máa kábàámọ̀. Nínú Bíbélì, Ẹ́kísódù 23, ẹsẹ 1, a kọ̀ fún ènìyàn láti tan ìròyìn èké kálẹ̀, tàbí kí ó bá ẹni búburú dọwọ́ pọ̀ láti ṣe ẹlẹ́rìí àìṣòdodo. Ìwé méjèèjì kò fi olókìkí sílẹ̀. Bí ó bá sì kan ti òfin ìlú wa, abala 36(5) nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀ràn kàn kò jẹ̀bi títí tí a ó fi fi ẹ̀rí hàn pé ó jẹ̀bi.

Ojú ewé kan nínú ìwé ìròyìn mẹ́rin

Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí, mo ti ń ka ìtàn àwọn tó ti wà nírú ipò sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa, ní àwọn ìlú tó tóbi ju Ìkòròdú lọ. Èyí tí n kò lè gbé kúrò lọ́kàn ni ti New York.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin, ọdún 1989, wọ́n lu obìnrin kan tó ń sáré ìdárayá ní Central Park, wọ́n sì fipá bá a lò pọ̀, ó kù díẹ̀ kí ó kú. Ọlọ́pàá mú àwọn ọmọkùnrin, ọjọ́ orí àwọn márùn-ún tí wọ́n wá gbé lọ sílé ẹjọ́ jẹ́ ọdún 14 sí 16, mẹ́rin jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ọ̀kan jẹ́ ọmọ Látìnò. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún, kí ẹjọ́ kankan tó bẹ̀rẹ̀, Donald Trump, tó jẹ́ oníṣòwò olókìkí nígbà náà, ra ojú ewé kan odindi nínú ìwé ìròyìn mẹ́rin ní ìlú náà, ó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé kí wọ́n dá ìjìyà ikú padà. Kò dárúkọ àwọn ọmọ náà nínú rẹ̀. Àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn máa ń tọ́ka sí èyí, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni ní New York lọ́sẹ̀ náà tí kò mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ ń bá wí.

Wọ́n dá àwọn márààrún lẹ́bi ní ọdún 1990. Wọ́n ti jẹ́wọ́ fún ọlọ́pàá, wọ́n sì ti ní ọlọ́pàá ló fi ipá gbà á lẹ́nu àwọn. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn lo nǹkan bí ọdún 13 lẹ́wọ̀n. Ní ọdún 2002, ọkùnrin mìíràn tó ti wà lẹ́wọ̀n jẹ́wọ́ pé òun nìkan lòun ṣe é, àyẹ̀wò DNA sì bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Nínú oṣù Kejìlá ọdún náà, ilé ẹjọ́ fagi lé gbogbo ìdálẹ́bi wọn. Ní ọdún 2014, ìlú New York gbà láti san mílíọ̀nù 41 dọ́là fún wọn.

Nígbà tí akọ̀ròyìn bi Trump léèrè nínú oṣù Kẹfà ọdún 2019, ìgbà tó ti di ààrẹ, bóyá yóò tọrọ àforíjì lórí ohun tó tẹ̀ jáde, ó kọ̀. Ó ní àwọn ènìyàn wà lápá méjèèjì ọ̀rọ̀ náà, ó sì ní wọ́n ti jẹ́wọ́. Ní ọdún 2024, nínú àríyànjiyàn àwọn olùdíje fún ipò ààrẹ, ó tún sọ pé wọ́n gbà pé àwọn jẹ̀bi nílé ẹjọ́, ohun tí wọn kò ṣe rí. Àwọn márààrún pè é lẹ́jọ́ lóṣù tó tẹ̀lé e. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kò bá gbé padà kì í dúró sójú kan. Ọdún 35 ni ó fi wà níbẹ̀, ó sì tún jáde, ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Owó tí ìlú san kò lè dá a dúró, nítorí kì í ṣe ìlú ló sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti Faransé sí i. Ní ọdún 1894, wọ́n dá ọ̀gágun kan tó jẹ́ Júù, Alfred Dreyfus, lẹ́bi pé ó ń ta àṣírí ológun fún Jámánì, wọ́n sì gbé e lọ sí erékùṣù jíjìnnà kan. Irọ́ ni, ilé ẹjọ́ sì wẹ̀ ẹ́ mọ́ ní ọdún 1906. Lára àwọn tó pariwo lé e lórí jù ni ìwé ìròyìn Kátólíìkì kan tí ń jẹ́ La Croix. Nínú oṣù Kìíní ọdún 1998, nígbà tí Dreyfus àti gbogbo àwọn tó kọ ọ̀rọ̀ náà ti kú tipẹ́, La Croix tọrọ àforíjì lójú ewé ara rẹ̀. Àwọn kan lè sọ pé kí ni àǹfààní rẹ̀ lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún. Èmi rí i pé àwọn tó ṣe é lóye ohun tí télọ̀ wa sọ: ibi tí ìwé ìròyìn ti pe ènìyàn ní ọ̀dàlẹ̀, ibẹ̀ náà ni kí ó ti gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Ṣé kí wọ́n wá dákẹ́ ni?

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn obìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ gbọ́ gbogbo èyí lẹ́nu mi, inú rẹ̀ kò sì dùn. Ó ní, "Bí o bá dẹ́rù ba àwọn olókìkí báyìí, ta ló máa bá ọmọbìnrin tí kò lẹ́nìkan jà? Ẹni tó ń purọ́ kò pọ̀ tó àwọn tí wọ́n pa lẹ́nu mọ́." Mo ronú lé ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, nítorí mo lọ́mọbìnrin méjì nílé, mo sì mọ ohun tí ìdákẹ́jẹ́ ti ṣe ní ìlú yìí.

Ìyàtọ̀ kan wà tí mo rò pé ó lè gbà wá. Ẹni tó bá sọ pé, "Ọmọ yìí ń sunkún, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ, kí ọlọ́pàá ṣe ìwádìí, kí ẹnikẹ́ni má halẹ̀ mọ́ ọn," kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, kódà bí ìwádìí bá lọ síbòmíràn, kò jẹ àforíjì kankan. Ẹni tó bá na ìka sí ọkùnrin kan pé, "Òun nìyí," ti kúrò níbi ìrànlọ́wọ́, ó ti gun orí àga adájọ́. Olókìkí tó bá mọ ibi tí ìlà yìí wà lè jà fún gbogbo ẹni tí wọ́n ń ni lára títí ayé láìsí ìbẹ̀rù.

Ní yunifásítì Duke, ní Amẹ́ríkà, wọ́n fẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ kan àwọn eléré ìdárayá mẹ́ta ní ọdún 2006. Olùkọ́ 88 fọwọ́ sí ìkéde kan nínú ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn tó gbè wọ́n lẹ́yìn ní wọ́n kàn ń fetí sí ohùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń ni lára ni, púpọ̀ nínú ìkéde náà sì rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ẹ̀hónú hàn pé wọn kò dúró. Ibẹ̀ ni mo fi ìka sí. Ìdúró yẹn gan-an ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ní ẹ̀tọ́ sí. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 2007, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ náà kéde pé àwọn mẹ́ta náà kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Wọ́n gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ òfin kúrò lọ́wọ́ agbẹjọ́rò ìjọba tó lé ẹjọ́ náà. Nínú oṣù Kẹsàn-án, ọ̀gá àgbà yunifásítì náà, Richard Brodhead, dúró níwájú àwọn ènìyàn, ó sì tọrọ àforíjì pé òun kò dúró ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà àti ẹbí wọn bó ṣe yẹ. Ní ọdún 2024, obìnrin tó fẹ̀sùn náà kàn wọ́n fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé irọ́ lòun pa. Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé ẹni tí irú irọ́ báyìí kọ́kọ́ ń pa lára lẹ́yìn ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ni ọmọbìnrin tí yóò sọ òótọ́ lọ́la. Bí àwọn tó ṣìṣe bá gbà pé àwọn ṣìṣe, etí àwọn aráàlú yóò ṣì là fún un.

Ìkòròdú kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wa ní ohun tí àìdúró ń ṣe. Ní ọdún 2017, nígbà tí ẹ̀rù Badoo, ẹgbẹ́ apànìyàn tó ń pa ènìyàn mọ́lé lóru, bo gbogbo ìlú, tí a kì í sùn, àwọn ènìyàn dá apanilẹ́rìn-ín kan tó ń ti òde iṣẹ́ bọ̀ lóru dúró ní Odógunyàn pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀. Wọ́n ní Badoo ni wọ́n. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti pa wọ́n. Kò sí ẹni tí a lè lọ bá pé kí ó wá bẹ àwọn ẹbí wọn, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló pa wọ́n, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í lórúkọ. Olókìkí lórúkọ. Ìyẹn ni ó fi yàtọ̀ sí ogunlọ́gọ̀, ìdí sì nìyẹn tí mo fi gbà pé tirẹ̀ ṣeé bi í.

Bí a ṣe ń bẹ̀bẹ̀

Mo ti rí àforíjì tó ń fi ẹsẹ̀ kan wọlé tí èkejì ṣì wà níta. "Bí ọ̀rọ̀ mi bá dun ẹnikẹ́ni" jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ta ni "ẹnikẹ́ni"? Ọkùnrin kan wà tó lórúkọ, orúkọ rẹ̀ lo sì pè nígbà tí o ń bà á jẹ́. "Ẹ jẹ́ ká gbàgbé ọ̀rọ̀ àná" tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Owó inú àpòòwé kò burú nínú ara rẹ̀. Télọ̀ ta maṣíìnì rẹ̀, owó lè bá a rà á padà. Ṣùgbọ́n owó tó ṣáájú ọ̀rọ̀ máa ń dà bí ẹni tó fẹ́ ra ìdákẹ́jẹ́.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá bẹ̀bẹ̀ ní gbangba, lọ́yà yóò fi ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn mú àwọn. Àwọn agbẹjọ́rò pàápàá mọ̀ pé nínú ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́, àforíjì tí a tètè tọrọ lè dín owó ìtanràn kù. Yorùbá ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Mo gbà pé ó ṣòro fún ẹni tí ohùn rẹ̀ jẹ́ oúnjẹ rẹ̀ láti fi ohùn náà sọ pé òun ṣì í wí. Mo gbà á gan-an. Síbẹ̀, n kò mọ ohun mìíràn tó lè dé ibi tí fídíò yẹn dé, àyàfi ohùn kan náà.

Ohun tó wà nínú ọ̀rá dúdú

Bí mo ṣe ń kọ èyí, ó hàn sí mi pé ó rọrùn fún mi láti máa ro ẹjọ́ ẹlòmíràn. Léèsì mi ṣì wà nínú àpótí, nínú ọ̀rá dúdú tí télọ̀ dì í sí. N kò gbé e fún télọ̀ mìíràn rí. Mo máa ń sọ fún ara mi pé àyè ni kò sí.

Ní ọjọ́ Wẹsidé tó kọjá, mo gbé e lọ. Maṣíìnì kékeré kan ló kù nínú ṣọ́ọ̀bù náà, èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wà. Ọmọbìnrin méjì ń dúró de aṣọ wọn, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan sì ń fi iná lọ aṣọ. Mo dúró láàárín wọn, mo ní kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ gbọ́ mi, mo ní lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, mo pàtẹ́wọ́ nígbà tí wọ́n pe ọkùnrin yìí lólè, mo sì wá gba aṣọ mi lọ́wọ́ rẹ̀, kò jí owó ẹnikẹ́ni, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Ó sáré wá gbé mi dìde, ó ní, "Háà, Ìyá Ìbejì, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mà."

Ó tú ọ̀rá náà, ó tẹ́ léèsì sórí tábìlì. Ìlà ṣọ́ọ̀kì ti parẹ́. Ó fi ọwọ́ tẹ̀lé etí aṣọ náà láti apá dé ọrùn, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ló mú okùn ìwọ̀n lọ́rùn rẹ̀, ó ní, "Mo máa tún yín wọ̀n."

Sátidé ìkẹyìn oṣù yìí ni ìpàdé gbogbogbòò. Mo ti ní kí akọ̀wé kọ orúkọ mi mọ́ àwọn tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo ti kọ lẹ́tà sí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú, mo fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́nu géètì wọn. Mo sọ agogo tí a ó bẹ̀rẹ̀ fún un, mo sọ pé télọ̀ yóò wá, mo sì sọ pé máìkì yóò wà níbẹ̀.